Ìrókò Tó Ń Kú Láti Inú

Lẹ́tà márùn-ún la mú dáhùn lóṣù yìí, gbogbo wọn lórí igi àgbà tí àrùn ti wọ̀. Ti Ìdànrè ló gùn jù, nítorí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kan ẹ̀mí ọmọdé.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìrókò kan wà ní ẹnu igbó tí bàbá wa fi sílẹ̀ lẹ́yìn oko kòkó, lẹ́bàá ọ̀nà tí àwọn ọmọ ń gbà lọ sílé ìwé. Ó ti tó ọdún méjì tí ẹ̀ka apá kan orí rẹ̀ ti gbẹ. Olú líle kan tún yọ ní ìdí rẹ̀, ó tó àwo ìjẹun. Ihò wà lára rẹ̀, oyin ń gbé inú ẹ̀. A fi okùn wọn àyíká rẹ̀ níbi àyà, ó jẹ́ mítà 3.8. Ṣé ká gé e? Báwo la ṣe máa gé e? Òǹkàwé kan, Ìdànrè.

Ẹ ṣeun tí ẹ wọn igi náà kí ẹ tó kọ̀wé. Igi tí àyíká rẹ̀ jẹ́ mítà 3.8, ìbú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì á tó mítà 1.2. Ẹ má gbàgbé ìwọ̀n yìí, òun la máa fi ṣe gbogbo ìṣirò.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé igi náà ń kú lóòótọ́. Ìrókò a máa wọ́wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni tó bá sì wò ó nínú ọyẹ́ lè rò pé ó ti kú tán. Ìgbà òjò ni kí ẹ wò ó. Ẹ̀ka tí kò bá léwé lásìkò náà, tí èèpo rẹ̀ ń ṣí, ti kú. Ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ ha èèpo ara igi: ibi tó yè á tutù, oje funfun á sun jáde, ibi tó ti kú á gbẹ táútáú, kò ní sun ohunkóhun.

Olú ìdí igi yẹn ló bà wá lẹ́rù ju ẹ̀ka gbígbẹ lọ. Àfòmọ́ tàbí ọ̀dá lè pa ẹ̀ka. Ṣùgbọ́n olú líle bíi pákó, tó ń dúró láti ọdún dé ọdún, èso àrùn tó ti ń jẹ igi nínú tipẹ́tipẹ́ ni. Gbòǹgbò àti ìdí igi ló ń jẹ, ibẹ̀ náà sì ni ẹni tó ń gégi máa ki ayùn bọ̀.

Ẹ mú ẹ̀yìn àáké, ẹ máa fi gbá ìdí igi yíká, láti ilẹ̀ títí dé ibi tí ọwọ́ yín ká, kí ààyè àárín ìgbá kan sí èkejì má ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Ibi tó yè á dún kọ́, kọ́, àáké á sì ta padà sí yín lọ́wọ́. Ibi tó ti jẹrà á dún gbòm bí ìlù tí awọ rẹ̀ rọ̀. Ẹ fi ẹfun sàmì sí gbogbo ibi tó dún gbòm. Lẹ́yìn náà, ẹ fi díríìlì tí bíìtì rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ (mìlímítà 6, kó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 40) lu ibi mẹ́rin sí mẹ́fà yíká igi. Ẹ máa wo lẹ́búlẹ́bú tó ń jáde. Ti ìrókò tó yè á gbẹ, àwọ̀ rẹ̀ á pọ́n bí oyin. Ti ibi tó jẹrà á dúdú tàbí kó funfun, á sì lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí amọ̀. Bí bíìtì bá já wọ inú lójijì láìsí pé ẹ tì í, ẹ dá a dúró, kí ẹ wọn bó ti wọlé tó kó tó já. Bí ògiri igi tó kù ṣe nípọn tó nìyẹn.

Fún igi yín, láti èèpo dé àárín gbùngbùn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60. Ìwọ̀n tí àwọn tó mọ iṣẹ́ igi fi ń díwọ̀n ni pé ògiri tó yè gbọ́dọ̀ tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 18, yíká igi. Bó bá dín, tàbí tí ẹnu ihò fẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ìjì kan ṣoṣo ti tó.

Ká ní àárín igbó ló wà, tí ẹnikẹ́ni kì í gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, à bá sọ pé kí ẹ fi sílẹ̀. Òwìwí, àdán àti oyin ló ni ihò igi. Àdán gan-an ló ń bá wa gbin ìrókò: wọ́n ń jẹ èso rẹ̀, wọ́n sì ń fọ́n kóró rẹ̀ káàkiri igbó. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ilé ìwé ni ẹ sọ. Ẹ yí ọ̀nà àwọn ọmọ padà lónìí, kó tó di pé ẹ wá ayùn.

Ìwé àṣẹ ló kàn. Bí igi tilẹ̀ wà lórí ilẹ̀ ẹbí, ẹ má gé ìrókò láìfi tó ilé-iṣẹ́ fọ́rẹ́sírì ìpínlẹ̀ létí. Òṣìṣẹ́ wọn á wá wọn àyíká rẹ̀, ẹ ó sanwó, wọ́n á sì fi hámà lu àmì mọ́ ìtì àti kùkùté. Wọ́n lè gba gẹdú tí kò lámì lọ́wọ́ yín lójú ọ̀nà. Bí àwọn àgbà ilé bá ní ètùtù tí wọ́n ń ṣe fún ìrókò, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é parí ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́. Kò yẹ kí àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ igi nígbà tí ẹ́ńjìnnì (ayùn oníṣéènì) ń dún.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gé ìtàkùn báyìí, gbogbo èyí tó gun igi náà, ní ìdí àti níbi tí ọwọ́ yín bá ká. Ìtàkùn ló ń so orí igi kan mọ́ èkejì. Igi á máa wó lọ síwájú, ìtàkùn á fa ẹ̀ka igi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ já lé ẹni tó gé e lórí láti ẹ̀yìn. Èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ṣì yi bí okùn, ó lè tó oṣù mẹ́fà kó tó gbẹ débi tó ń já fúnra rẹ̀. Ní ti oyin, ẹ pe ẹni tó ń sìn wọ́n kó wá kó wọn lálẹ́. Ẹ má ki iná bọ ihò náà.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn dára, torí ilẹ̀ á le lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí atẹ́gùn ọyẹ́ bá ń fẹ́, ẹ má fọwọ́ kàn án: ẹ̀ka tó ti gbẹ nínú ọyẹ́ kì í tẹ̀ kó tó ṣẹ́.

Igi gánńgán má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ kúrò nídìí igi, ẹ lọ wò ó láti ọ̀nà jíjìn ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ibo ló tẹ̀ sí? Apá ibo ni ẹ̀ka rẹ̀ wúwo sí? Ibẹ̀ ni kí ẹ jẹ́ kó wó sí. Igi tó yè ṣì ṣeé darí lòdì sí ibi tó tẹ̀ sí díẹ̀; igi tó jẹrà kì í gbà. Bó bá jẹ́ orí kòkó ló máa wó sí, ẹ pàdánù kòkó mélòó kan, kí ẹ sì dúpẹ́. Láti mọ gíga rẹ̀, ẹ mú ọ̀pá tí gígùn rẹ̀ bá gígùn láti ojú yín dé ọwọ́ yín mu. Ẹ na apá, kí ẹ gbé ọ̀pá dúró ṣánṣán, kí ẹ máa fẹ̀yìn rìn títí ìdí ọ̀pá á fi bá ìdí igi mu, tí orí rẹ̀ á sì bá orí igi mu. Bí ilẹ̀ bá tẹ́jú, láti ẹsẹ̀ yín dé ìdí igi ni gíga rẹ̀. Bó bá jẹ́ mítà 35, kí gbogbo ẹni tí kò níṣẹ́ níbẹ̀ jìnnà tó mítà 70. Ẹ la ọ̀nà àsálà méjì fún ẹni tó ń gégi, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kí wọ́n dagun sẹ́yìn. Kó má sá gba ẹ̀yìn tààrà, torí ìdí igi lè ta padà gba ibẹ̀.

Ó wá ku gígé. Ohun tó ń darí igi kì í ṣe ayùn, ibi tí ayùn kò dé ni. Bí hínjì ṣe ń mú ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ náà ni ìwọ̀nba igi tí a fi sílẹ̀ láìgé láàárín iwájú àti ẹ̀yìn ṣe ń mú igi títí yóò fi balẹ̀. Igi jíjẹrà kò ní hínjì tó gbẹ́kẹ̀ lé. Okun inú rẹ̀ ti kú, á já pàù láàárín ọ̀nà, igi á sì yí síbi tó wù ú. Àwọn ibi tó dún kọ́ lábẹ́ àáké ni kí hínjì yín bọ́ sí. Bí ìdí bá ti bàjẹ́ jù, ẹ gé e lókè díẹ̀, ní mítà kan sí 1.2, níbi tí díríìlì ti bá igi tó yè, kó má ṣá kọjá àyà ẹni tó ń gé e.

Ẹ la ẹnu sí i níwájú, ní ìdojúkọ ibi tó máa wó sí. Kí ẹnu náà jìn tó ìdá kan nínú márùn-ún sí ìdá kan nínú mẹ́rin ìbú igi, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 24 sí 30, kó sì yà dáadáa, ó kéré tán dígírì 45. Apá òkè ni kí ẹ kọ́kọ́ gé, kí ti ìsàlẹ̀ wá pàdé rẹ̀ ní ojú ìlà kan. Bí ọ̀kan bá kọjá èkejì, ẹ ti gé hínjì láìmọ̀. Bí ègé ẹnu yẹn bá ti bọ́ sílẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo inú rẹ̀. Ẹ ó rí ojú igi kedere: ibi pípọ́n tó le ni agbára yín wà, ibi dúdú, tàbí tó rọ̀ tí èékánná ń wọ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò. Nínú igi oníhò, apá ọ̀tún àti apá òsì nìkan ni hínjì máa ń kù sí. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá ti jẹrà, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ fi okùn àti wíǹsì (ẹ̀rọ tí a fi ń fa nǹkan wúwo) mú igi náà kí ẹ tó tẹ̀ síwájú, tàbí kí ẹ pe àwọn tó ní in.

Fún igi tó yè, hínjì máa ń nípọn tó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ìbú igi, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 12. Fún tiyín, ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 18 sílẹ̀. Bí igi bá tẹ̀ síwájú, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í gé e láti ẹ̀yìn wá. Á là gbọọrọ sókè lójijì, ìdajì rẹ̀ á sì ta lu àyà ẹni tó ń gé e. Ẹ ki abẹ ẹ́ńjìnnì wọ ẹ̀gbẹ́ lẹ́yìn hínjì, kí ẹ máa gé e lọ sẹ́yìn, kí ẹ fi bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sílẹ̀ ní ẹ̀yìn gan-an láti dì í mú. Nígbà tí gbogbo èèyàn bá ti kúrò, ẹ gé ìdìmú yẹn láti ìta, kí ẹ sì máa lọ. Ẹ má fi òòlù gbá èèkàn wọ ẹ̀yìn igi yìí bí ẹ ti ń ṣe fún igi yíyè. Inú igi tó rọ̀ ni èèkàn á rì sí, kò ní gbé ohunkóhun. Gbígbá yẹn á sì mi ẹ̀ka gbígbẹ tó wà lókè jábọ́. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró sí ọ̀ọ́kán, kó máa wo orí igi nìkan, pẹ̀lú fèrè lẹ́nu. Bó bá fun ún, kí ẹni tó ń gégi sá láìbèèrè ìdí.

Ẹ tún mọ̀ pé ìrókò a máa ní òkúta nínú, ní pàtàkì níbi tó ti gbọgbẹ́ rí. Ó funfun bí ẹfun, ó sì le débi pé eyín ṣéènì á kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ mú ṣéènì mímú méjì sí i dání.

Ẹ́ńjìnnì tí abẹ rẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà 75 kò yẹ igi yìí, ẹni tí kò sì gé irú rẹ̀ rí kò gbọdọ̀ kọ́ṣẹ́ lára rẹ̀.

Igi tí a gé kò balẹ̀, ó gbé ara lé igi kejì. Ṣé ká gé igi tó gbé e dúró? Òǹkàwé kan, Iléṣà.

Rárá o! Àwọn àgbà ti fìdí èyí múlẹ̀ tipẹ́: bí igi bá wó lu igi, tòkè là á kọ́kọ́ gbé. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ti tẹ̀ bí ọrun. Bí ayùn bá kàn án, ẹ kò mọ ibi tó máa ta sí. Kí ẹnikẹ́ni má gùn ún, kí ẹnikẹ́ni má gba abẹ́ rẹ̀. Ẹ so wíǹsì mọ́ ìdí èyí tó wó, kí ẹ máa fà á sẹ́yìn, kúrò lọ́dọ̀ igi tó gbé e dúró, títí yóò fi yọ̀ wálẹ̀. Ẹni tó ń fà gbọ́dọ̀ jìnnà ju gígùn igi náà lọ. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ fi okùn pupa yí ibẹ̀ ká, kí ẹ kìlọ̀ fún gbogbo ará oko.

Wọ́n ní kí n ki iná bọ ihò ìdí igi, pé á wó fúnra rẹ̀. Òǹkàwé kan, Ìjẹ̀bú-Òde.

Wọn kò gbà yín ní ìmọ̀ràn rere. Igi oníhò tí iná bá wọ̀ ń fa atẹ́gùn láti ìsàlẹ̀ bí ààrò, iná á máa jó nínú fún ọjọ́ bíi mélòó kan tí ìta kò ní fi hàn. Kò sẹ́ni tó mọ wákàtí tó máa wó tàbí apá ibi tó máa wó sí, ẹta iná á sì ti fò dé oko olóko. Ẹni tó bó èèpo igi yíká láti pa á náà kò dín ewu kù. Igi á gbẹ lórí ìdúró, á sì máa ju ẹ̀ka sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan fún ọdún púpọ̀.

A ra igbó kékeré kan ní Kent, àwọn igi inú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ash ń kú láti orí. Ṣé òfin gbà kí n gé wọn fúnra mi? Òǹkàwé kan, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Àrùn tí olú Hymenoscyphus fraxineus ń fà ni. Ọdún 2012 ni wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ti wọ Bìrìtéènì. Òfin Íńgíláńdì gbà kí ẹni tó ni ilẹ̀ gé igi tó mítà oníhà mẹ́ta (cubic metre) 5 láàárín oṣù mẹ́ta mẹ́ta inú ọdún láìgba láísẹ́ǹsì, bí kò bá ti tà ju 2 lọ nínú rẹ̀. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kọ̀wé gba láísẹ́ǹsì lọ́dọ̀ Forestry Commission, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó igbó. Bí káńsù bá ti fi àṣẹ ààbò lé igi kan, ẹ gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda wọn kí ẹ tó gé e. Àdán tó ń gbé inú ihò igi wà lábẹ́ òfin pẹ̀lú, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ nípa wọn yẹ igi wò.

Ní ti gígé, ash tí àrùn yìí bá mú máa ń gbẹ, á sì ṣẹ́ bí gúgúrú. Ẹ̀ka rẹ̀ ń já láìkìlọ̀, hínjì rẹ̀ náà ń já láìtọ́jọ́. Ohun tí a sọ fún ará Ìdànrè nípa èèkàn àti òòlù kan yín gan-an. Bí ìdajì ewé orí igi bá ti lọ, ẹ má gùn ún, ẹ gba àwọn tó ń fi ẹ̀rọ ńlá gé e láti inú kábíìnì.

A ti gé tiwa. Ṣé pákó rẹ̀ ṣeé lò? Kí la máa ṣe sí kùkùté? Ṣé a lè gbin ìrókò mìíràn síbẹ̀? Òǹkàwé kan, Ilé-Olújì.

Pákó ṣeé lò bí ibi tó jẹrà bá dúró sí ìdí. Láti ìdí lọ sókè, ẹ máa gé ìtì ní sẹ̀ǹtímítà 30, 30, kí ẹ máa wo ojú rẹ̀. Nígbà tí ojú igi bá mọ́ láìsí àbàwọ́n, ẹ fi ìdajì mítà kún un kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í la pákó, torí àrùn máa ń ṣíwájú ohun tí ojú rí. Ẹ bo imú àti ẹnu: lẹ́búlẹ́bú ìrókò ń mú ara yún, ó sì lè mú kí ẹlòmíràn máa mí fúkẹ́fúkẹ́ bí oníkọ́ fée.

Kùkùté ló lè pa kòkó yín. Ẹ gbẹ́ gbòǹgbò kan jáde kí ẹ wò ó. Bí okùn funfun pẹlẹbẹ bá lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, tí kò ṣeé nù dànù pẹ̀lú ìka, àrùn gbòǹgbò funfun ni, ara gbòǹgbò dé ara gbòǹgbò ló sì ń gbà rìn. Ẹ hú kùkùté bó bá ṣeé ṣe, pẹ̀lú gbogbo gbòǹgbò tó ju ìka ọwọ́ lọ, kí ẹ sun wọ́n síbẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ gbẹ́ kòtò yí i ká, kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 60 sí 90, kó fẹ̀ tó 30, kí ẹ da iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ sí apá kùkùté, kì í ṣe apá kòkó. Ẹ máa gé gbòǹgbò tó bá tún la kòtò náà kọjá. Bí ẹ kò bá dá àrùn náà mọ̀, ẹ kó gbòǹgbò àti olú rẹ̀ sínú àpò pépà lọ sí ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó (FRIN) ní Jẹ́ríkò, Ìbàdàn, tàbí ti kòkó (CRIN) ní Ìdí-Ayùnrẹ́.

Ẹ má gbin ìrókò sí ojú kùkùté náà. Ẹ sún un jìnnà, kó sì wà láàárín igi mìíràn tó ṣíji bò ó díẹ̀. Ìrókò kéékèèké tí a bá gbìn sójú oòrùn, tí a tò ó lọ bẹẹrẹ, ni kòkòrò Phytolyma máa ń yà bò. Á yé ẹyin sára ọ̀mùnú, ọmọ rẹ̀ á wọnú ewé, ewé á wú kókó-kókó bí ìlẹ̀kẹ̀, kókó á là, á jẹrà, orí igi á sì kú. Ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, ẹ máa yẹ ọ̀mùnú rẹ̀ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ já èyí tó bá ti wú kó tó là, kí ẹ sì jù ú síná.